Létí Ọ̀sà Àgbádárìgì: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò Ìhìnrere Láàrin Àwọn Ọmọ Apẹja

Ọjọ́ Ajé

“Ẹ má kó súìtì wá o.” Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Ajíhìnrere, tó ń ṣiṣẹ́ ní abúlé apẹja tí à ń lọ, kọ́kọ́ sọ lórí fóònù nìyẹn nígbà tí a pè wọ́n láti béèrè ohun tí a óò gbé dání. Wọ́n fi kún un pé àwọn kò fẹ́ òkìríkà. Páànù ni wọ́n fẹ́, ìṣó, ìwé ìkọ̀wé, pẹ́ńsù, àti nọ́ọ̀sì tí ara rẹ̀ balẹ̀ fún ọmọdé. Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, àwọn màmá ìjọ ti kó aṣọ àlòkù jọ, ó kún àpò ìrẹsì mẹ́ta bámúbámú. A tà á nínú ọgbà ìjọ lẹ́yìn ìsìn, a fi owó rẹ̀ ra páànù. Inú ẹni méjì kan kò dùn sí i, wọn kò sì fi pamọ́.

Aago márùn-ún ìdájí la gbéra ní Ìbàdàn: nọ́ọ̀sì méjì, káfíńtà kan, ọ̀dọ́ mẹ́rin láti inú ẹgbẹ́ akọrin, Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ṣe olórí wa, àti èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní pírámárì. Títí a fi dé Mile 2, kò sí ohun tí mo lè sọ nípa ọ̀nà tí ẹni tó ti wọ Èkó rí kò mọ̀. Lẹ́yìn Òkòkomàíkò ni ọ̀rọ̀ di tiwa. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń fẹ ọ̀nà yẹn. Ibi tí wọ́n ti ṣe ń dùn ún rìn. Ibi tí wọn kò tíì ṣe ń gbo ènìyàn nífun. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kò ní sùn.

Ọ̀nà ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni, nítorí náà àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró kì í tán. Níbì kan, wọ́n rí páálí oògùn lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀. Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì kò jà, wọn kò pariwo. Wọ́n yọ ìwé kan jáde nínú báàgì wọn: orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, iye tó jẹ́, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán, àti òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé tí a ń lọ bá ṣiṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà, ó ní ká gbàdúrà fún òun. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò irú ìrìn-àjò yìí, ẹ má fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣeré. Àdúrà nìkan kọ́ ló ń ṣí ọ̀nà.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí a tó wọ Àgbádárìgì. Ilé àlejò ìjọ kan la sùn sí, ẹ̀fọn sì kí wa káàbọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọlọ́kọ̀ ojú omi ní òun ń wá epo, nítorí náà a rìn lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní Marina. Ọdún 1845 ni wọ́n kọ́ ọ parí, òun ni wọ́n ń pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A tún lọ síbi ìrántí igi Àgíà, igi tí wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere nílẹ̀ wa lọ́dún 1842. Orúkọ Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ni gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀ ń kà. Ṣùgbọ́n Freeman kò pẹ́ ní Àgbádárìgì. September ló gúnlẹ̀. Ní December ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó padà wá ṣe Kérésìmesì, kò sì pẹ́ tó tún fi kọrí sí Dahomey, tó wà ní Benin òde òní. Ẹni tó fi sílẹ̀ kó máa bá iṣẹ́ lọ ni William de Graft àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n wá láti Gold Coast, Ghana òde òní. Àwọn tọkọtaya yìí ló ń jí lójoojúmọ́ ní ìlú tí òwò ẹrú kò tíì tán ńbẹ̀. Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì bi àwọn ọ̀dọ́ wa bóyá ẹnì kan nínú wọn ti gbọ́ orúkọ de Graft rí. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Màmá ní, “Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ wọ ọkọ̀.”

Wọ́n fún gbogbo wa ní láífù jákẹ́ẹ̀tì. Síìpù tèmi ti bàjẹ́, mo fi okùn dì í. Ọ̀sà fẹ̀, ó dákẹ́, àgbọn tò lọ bẹẹrẹ lápá méjèèjì. Ní agbede méjì, ewé ojú omi wé mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kú. Atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gé ewé náà ní díẹ̀díẹ̀, ó ń súfèé. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa ti ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù.

Abúlé náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ègùn ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn Ìlàjẹ díẹ̀ wà pẹ̀lú wọn. Ẹja ni ọkùnrin ń pa, ẹja náà ni obìnrin ń yan. Èèpo àgbọn gbígbẹ ni wọ́n ń kó sábẹ́ ààrò, èéfín rẹ̀ sì ti wọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, títí kan ìwé orin.

Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ la kọ́kọ́ lọ. Wọ́n gba ìkíni wa, wọ́n ní ká jókòó, wọ́n bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ọjọ́ wo lẹ máa padà?” Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì ní, “Ọjọ́ Àìkú, Kábíyèsí.” Baálẹ̀ mi orí. Wọ́n ní ó dára tí a sọ ọ́ ní tààrà, nítorí àwọn kan ti wá rí tí wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò padà wá lóṣù tó ń bọ̀, àwọn ọmọ sì ń lọ dúró létí omi.

Ilé ìwé tí a wá bá ṣiṣẹ́ kò ju àtíbàbà ìjọ lọ. Bàbá Ajíhìnrere àti ìyàwó wọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò lè sọdá lọ sí ilé ìwé ìjọba. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 sọ pé láti pírámárì kìíní títí dé ọdún kẹta ní girama kékeré, ọmọ kò gbọ́dọ̀ sanwó. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi wà láàrin. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lójoojúmọ́ ń bẹ, aṣọ ilé ìwé ń bẹ, bàtà ń bẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá sì le, kò sí ìyá tó máa jẹ́ kí ọmọ ọdún méje dá wọ ọkọ̀ àjẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹja wà tó fẹ́ yíyí lórí ààrò, àbúrò sì wà tó fẹ́ pípọ̀n.

Mo rí ọmọdébìnrin kan níbẹ̀, kò lè ju ọdún mẹ́jọ lọ, tó pọn àbúrò rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù jókòó sórí ẹní, ó dúró lẹ́yìn, ó gbé ìwé lé ògiri, ó ń kọ ọ́ lóròó. Mo ní kó jókòó. Màmá Ajíhìnrere dá mi lóhùn pé tó bá jókòó, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ máa jí.

Ọjọ́rú

Ọjọ́ oògùn. Ilé ìwòsàn ìjọba rán nọ́ọ̀sì kan sọdá wá bá wa. Òun ló ni ìwé àkọsílẹ̀, òun náà ló máa kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá lọ, nítorí náà Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì ti sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì tiwa pé ohun tí obìnrin yìí bá sọ ni àṣẹ. Ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn kọ́kọ́ fajú ro. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, òun ló ń gbé àga fún un.

Aràn la kọ́kọ́ bá jà. Albendazole, hóró kan tó jẹ́ 400mg fún ọmọ tó ti pé ọdún méjì sókè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n kọ́kọ́ bi ìyá kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ti fún ọmọ rẹ̀ láìpẹ́ nílé ìwé, nítorí ìjọba náà máa ń pín in. Hóró náà tóbi, ọmọdé kò sì gbọ́dọ̀ gbé e mì lódindi. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n wò ó, ta ni eyín rẹ̀ máa dún jù? Ni gbogbo wọn bá ń rún un wàràwàrà, wọ́n ń na etí sí ẹnu ara wọn.

Kúrúnà ló tẹ̀ lé e. Ó wà láàrin ìka wọn, lọ́rùn ọwọ́, ní ìbàdí, wọ́n sì ti họ ọ́ títí ó fi di egbò. Oògùn funfun kan wà tí wọ́n ń fi para láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó máa ń ta ènìyàn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé gbogbo ará ilé ló gbọ́dọ̀ pa á lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kí wọ́n fọ aṣọ àti ìbora, kí wọ́n sá a sóòrùn. Bí ẹnì kan bá kù, ó máa kó o ran àwọn yòókù padà. Ìyá kan rẹ́rìn-ín. Ó ní ènìyàn mọ́kànlá ló wà nílé àwọn, ọkọ òun àti àna òun sì wà lójú òkun, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n máa dé. Ta ló máa pa á fún wọn? Àwọn nọ́ọ̀sì wo ara wọn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kó ìgò oògùn náà fún Màmá Ajíhìnrere, wọ́n kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sí i lára. Ìgbà tí àwọn ọkùnrin bá dé ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Ká ní a ti pín in lọ́jọ́ náà ni, à bá ya fọ́tò tó dára, kúrúnà à bá sì dé padà kó tó di oṣù kejì.

Ibà: wọ́n ń gún ìka, wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí àyẹ̀wò, ìlà méjì, tó ń fi hàn pé ibà wà lára, yọ lára ti àwọn tó pọ̀. Oògùn rẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta, àárọ̀ àti alẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ tó lọ́ràá díẹ̀. Mo rí ìyá kan tó fi ọgbọ́n já hóró mélòó kan kúrò nínú ọ̀rá, ó dì í mọ́ eteetí ìró rẹ̀. Ọmọ kejì ń bẹ nílé tí ara òun náà ń gbóná. Nọ́ọ̀sì ìjọba rí i, kò bá a wí. Ó ní kó lọ gbé ọmọ kejì wá fún àyẹ̀wò, kó sì máa gbé èyí tó ń mu oògùn wá láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ó mu ún lójú wa.

Ìyá mìíràn gbé ọmọkùnrin kan wá, ó ní inú òun dùn, nítorí ọmọ náà ti ń sanra. Irun ọmọ náà ti pọ́n, ó fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ kò sì fẹ́ wo ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibi tó tẹ̀ jìn, kò padà. Ó tẹ ẹsẹ̀ kejì, bákan náà. Omi ni, ìsanra kọ́; oúnjẹ tó ń mú ara ọmọ lágbára ni kò tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja ń bẹ káàkiri abúlé náà. Èmi náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa, àbí báwo ni? Màmá Ajíhìnrere ṣàlàyé pé ẹja tó dára ni wọ́n ń tà láti san gbèsè àwọ̀n àti epo, ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ṣàn ló ń kù fún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tọ́jú lábẹ́ àtíbàbà, ó di ilé ìwòsàn ńlá lókè. Kí olórí wa tó fọwọ́ kan báàgì, àwọn obìnrin mẹ́ta ti tú owó lẹ́nu ìró wọn, wọ́n ti ko owó ọkọ̀ fún ìyá náà. Ẹnì kan ní òun máa bá a yí ẹja tó wà lórí ààrò. Owó tiwa la fi kún un fún àyẹ̀wò àti oúnjẹ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ìjọba sì bá wọn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, a kọ́ àwọn ìyá ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Lítà omi kan tó mọ́, ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà tó tẹ́jú láìga, àti ààbọ̀ ṣíbí kékeré iyọ̀. Kò sẹ́ni tó ní ohun tí wọ́n fi ń wọn lítà. Màmá Ajíhìnrere mú píọ́wọ́tà méjì, èyí tí wọ́n kọ 50cl sí, ó tú wọn papọ̀, ó ní lítà kan nìyẹn. Gbogbo wọn ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì tọ́ ọ wò: bí iyọ̀ rẹ̀ bá ti ju ti omijé lọ, wọ́n á dà á nù, wọ́n á tún un ṣe.

Ọjọ́bọ̀

Ìtàn ni tèmi lónìí. Ìtàn Jésù nínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì dé ni mo mú wá, nítorí mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ Ìbàdàn tipẹ́, wọ́n sì máa ń di ara wọn mú tí mo bá dé ibi tí omi ń ru sókè. Màmá Ajíhìnrere ń túmọ̀ rẹ̀ sí Ègùn fún àwọn kéékèèké. Mo ní Jésù sùn sí ìdí ọkọ̀, ó fi orí lé ìrọ̀rí. Ọmọkùnrin kan nawọ́.

“Ta ló wá ń tukọ̀?”

Mo ní kí ló dé. Ó ní ìdí ọkọ̀ ni ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀ ń jókòó. Tí Jésù bá sùn síbẹ̀, ibo ni ẹni náà wà? Mo ní ọkọ̀ tiwọn tóbi, ó ní ìgbòkun. Ẹlòmíràn ní tó bá jẹ́ ọkọ̀ onígbòkun ni, kí ló dé tí wọn kò sọ ìgbòkun kalẹ̀ nígbà tí wọ́n rí àwọsánmà? Ṣé wọn kì í ṣe apẹja ni? Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ ní Ègùn, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe ọkọ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe afẹ́fẹ́. Màmá Ajíhìnrere ń rẹ́rìn-ín, kò túmọ̀ ju ìdajì lọ fún mi. Nígbà tí mo wá dé ibi tí Jésù ti bá ìjì wí, ọmọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn tún sọ̀rọ̀. Ó ní bàbá òun náà máa ń bá ìjì wí, ó máa ń pariwo mọ́ ọn gan-an, kì í gbọ́.

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Èyí gbọ́,” mo sì jókòó. Gbogbo àlàyé tí mo kọ sínú ìwé mi, n kò kà á.

Lẹ́yìn ìsinmi, a pín wọn sí ọ̀wọ́ ìwé kíkà. N kò fi ọjọ́ orí pín wọn. Ẹni tí kò mọ lẹ́tà wà níbì kan, ẹni tó mọ lẹ́tà tí kò lè so ó pọ̀ wà níbì kejì, ẹni tó lè ka gbólóhùn wà níbì kẹta. Ọmọ ọdún méjìlá kan wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, ojú tì í fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà ó di olórí wọn. Ìyẹ̀pẹ̀ ni wàláà wa. Ẹja, àwọ̀n, ọkọ̀, àjẹ̀, edé, akàn: ohun tí wọ́n ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má bàa máa ha ápù àti súnò (yìnyín ìlú òyìnbó) sórí. Ọmọdébìnrin tó pọn àbúrò rẹ̀ ti wà ní ọ̀wọ́ kẹta láàárọ̀. Ní ọ̀sán, ó ń ka Bíbélì Yorùbá fún Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì, ó ń jó sọ́tùn-ún sósì kí ọmọ ẹ̀yìn má bàa sunkún, ohùn rẹ̀ sì ń bá ìjó náà lọ. Wọ́n ní kò tíì wọ ilé ìwé ìjọba rí.

Lóru, ìlù dún. Sángbétò ti jáde. Àwọn ọ̀dọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í de ẹ̀mí òkùnkùn ní ohùn òkè. Bàbá Ajíhìnrere wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, àwọn ará àdúgbò ń sùn. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣọ́ abúlé lóru nìyẹn, òfin ni pé kí àlejò má jáde, kí ẹ sì pa á mọ́. Wọ́n ní àwọn àti olórí Sángbétò máa ń kí ara wọn lọ́sàn-án, ìgbàgbọ́ àwọn kò pa pọ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ méjì ń bẹ nínú kíláàsì. Ọ̀dọ́ kan fẹ́ jiyàn. Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì ní, “Ìwọ máa lọ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ń gbé ibí.” Ó sùn.

Ọjọ́ Ẹtì

Òjò láti àárọ̀. Àtíbàbà ń jò, káfíńtà ń bú òjò, kò sí kíláàsì.

Mo lọ jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin nídìí ààrò. Sáwá ni wọ́n ń yan, wọ́n tò ó sórí wáyà bí ìwé inú àpótí, orí kọjú sí ibì kan. Èéfín ta mí lójú títí mi ò fi lè ríran. Àwọn ọmọ tó ń dá iná kò tilẹ̀ ṣẹ́jú mọ́; ikọ́ ni wọ́n ń wú.

Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá mú ọmọ lọ sí Èkó. Ẹnì kan á wá, tó gbọ́ èdè, tó wọṣọ tó dára, á ní òun rí ìyáàfin kan tó máa rán ọmọ ní ilé ìwé. Ọmọ á lọ. Owó máa ń wọlé fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà fóònù á kú. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003 kò fàyè gba irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ẹni tó jókòó sídìí ààrò? Ọ̀kan nínú wọn ní wọ́n ti wá béèrè ọmọdébìnrin tó pọn àbúrò rẹ̀ yẹn. Ìyá rẹ̀ kò tíì dáhùn. Bàbá Ajíhìnrere mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n ti lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Oòrùn yọ, káfíńtà wa àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé sì bo òrùlé láti òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin. Wọ́n mọ ìṣó gbá jù ú lọ, ó gbà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ǹṣì pẹ̀lú.

Àríyànjiyàn ọjọ́ náà: fọ́tò. Ọ̀dọ́ kan ń ya àwọn ọmọ tó wà níhòòhò nínú ẹrẹ̀, ó ní tí àwọn ará Ìbàdàn bá rí i, owó máa wọlé. Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n pa fọ́tò náà rẹ́ lójú rẹ̀. Òfin wọn ni pé ká gba àṣẹ òbí ká tó ya ọmọ ẹnikẹ́ni, ká má ya ọmọ tó wà níhòòhò tàbí tó ń ṣàìsàn láéláé, àgbàlagbà kan ṣoṣo kò sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ọmọdé níbi tí ojú kò tó. Ọ̀dọ́ náà ní a ti le jù. Ìyáàfin tó bí i jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Mo bi ọ̀dọ́ náà bóyá òun gbà kí ẹnì kan fi irú fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ tọrọ owó níwájú ìjọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́.

Ìwé àti pẹ́ńsù, a kò pín in fún ọmọ kankan lọ́wọ́. Bàbá Ajíhìnrere kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tì í. Wọ́n ní ọjọ́ tí àlejò bá ti ń nawọ́ nǹkan sí ọmọ, ọmọ kò ní wá kíláàsì mọ́ lọ́jọ́ tí kò sí àlejò. Ìdí tí wọn kò fi fẹ́ súìtì nìyẹn, wọn kò sì jẹ́ ká bi àwọn lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fìyà jẹ wá.

Ọjọ́ Àìkú

Ìsìn wáyé lábẹ́ páànù tuntun, ní Ègùn àti Yorùbá. Àwo ọrẹ kọjá, ẹja yíyan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú owó. Nígbà tí a ń dágbére, wọ́n kó àgbọn àti ẹja fún wa. Ọ̀kan nínú wa ń sọ pé kí wọ́n gbà á padà, pé wọn kò ní tó. Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó gbé e wá. Ìròyìn ọmọ ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú: ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ti ń lọ sílẹ̀, ó ti ń bínú, nọ́ọ̀sì ní ìbínú yẹn dára.

Lẹ́yìn ìsìn ni ìpàdé tó ṣe pàtàkì jù fún mi nínú gbogbo ìrìn-àjò náà. Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì bi àwọn òbí pé kí ni wọ́n fẹ́ kí ìjọ wa ṣe. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ká padà wá pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọkọ̀ àjẹ̀ kan ni wọ́n fẹ́, tó máa jẹ́ ti àwọn ọmọ ilé ìwé, pẹ̀lú láífù jákẹ́ẹ̀tì tó wọ̀n ọmọdé, kí bàbá kan máa fi gbé wọn sọdá láàárọ̀, kó sì kó wọn padà. Wọ́n ní gbẹ́nàgbẹ́nà wà nínú abúlé. Wọ́n tún béèrè owó oṣooṣù díẹ̀ fún Màmá Ajíhìnrere, tí kò tíì gba kọ́bọ̀ rí fún iṣẹ́ olùkọ́ tó ń ṣe. Baálẹ̀ ní tí ọkọ̀ bá dé, ìdílé kọ̀ọ̀kan máa dá ẹja lọ́sẹ̀ fún ẹni tó ń tù ú.

Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì ṣírò rẹ̀ sínú ìwé níwájú gbogbo ènìyàn. Owó bọ́ọ̀sì tí a háyà láti Ìbàdàn, pẹ̀lú epo rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ àjẹ̀ náà. Wọ́n fi ìlà pupa sí i nídìí. N kò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ ìjọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n máa sọ ọ́. Ní tèmi, bí wọ́n bá ní kí n yàn láàrin kí n tún lọ lọ́dún tó ń bọ̀ àti kí owó tí wọn yóò ná lé mi lórí di owó oṣù olùkọ́, mo ti yàn.

A dé Ìbàdàn lóru. Ìgbìmọ̀ ṣèpàdé lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì fọwọ́ sí ìdajì owó ọkọ̀. Wọ́n ní ìdajì kejì máa tẹ̀ lé e tí wọ́n bá rí igi. Bàbá Ajíhìnrere pè lánàá. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti rí igi, ó ti ń gbẹ́ ẹ. Ìyá ọmọdébìnrin yẹn ti bèèrè bóyá àyè wà fún ọmọ tó pọn àbúrò nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n ní kí n sọ fún káfíńtà wa pé ó gbàgbé ayùn rẹ̀ síbẹ̀, àwọn sì ti ń lò ó.